Koríko tó Ń Ba Pátákò Ẹṣin Jẹ́ ní Dàkótà

Nígbà tí mo sọ fún àwọn ará àdúgbò wa ní Múṣin pé ilẹ̀ ni mo fẹ́ lọ kọ́ ní Amẹ́ríkà, ẹ̀rín pa wọ́n. Wọ́n ní, ẹ wo ọmọ Bàbá Télọ̀ yìí, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ kọ́ òfin, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà, òun ń lọ kọ́ ilẹ̀. Ṣé ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wọn kò tó kọ́ ni? Bọ̀ọ̀dá Ràímì tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa tilẹ̀ bu yẹ̀pẹ̀ sínú agolo, ó gbé e fún mi. "Gbà, àbúrò," ó ní, "máa kà á lọ lójú ọ̀nà."

N kò bínú sí wọn. Rárá, irọ́ ni mo pa yẹn, mo bínú gan-an ni. Ṣùgbọ́n bàbá mi, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, dá ẹ̀rọ ìránṣọ wọn dúró, wọ́n gbójú sókè, wọ́n ní, "Ràímì, ẹ̀bà tí o jẹ lálẹ́ àná, ṣé inú afẹ́fẹ́ ni ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ti hù?" Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé iṣẹ́ tí mo yàn kì í ṣe iṣẹ́ yẹ̀yẹ́. Nísinsìnyí tí mo ti lọ tí mo ti bọ̀, tí mo sì ń yan bí ẹ ti ń rí mi yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí lọ́hùn-ún. N kò ní sọ ti ọkọ̀ ojú omi àti ti ìwé ìrìnnà. Gbogbo ẹni tó ti òkè òkun dé ló ń sọ ìyẹn, ó sì ti sú wa.

Ibi tí igi ti tán

Ẹ mú ọkàn kúrò ní Niú Yọ́ọ̀kì tí ẹ ń rí nínú sinimá. Ọkọ̀ ojú irin gbé mi kọjá gbogbo ìyẹn, ó ń gbé mi lọ títí igi fi tán lójú ọ̀nà. Mo ní igi tán pátápátá. Koríko ló kù, àti àlìkámà, àti ojú ọ̀run tó tẹ́ rẹrẹ láti ìhín dé ọ̀hún, tí kò sí nǹkan kan tó dí i. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Dàkótà, atẹ́gùn ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀. Ó ṣí fìlà lórí mi, ó gbé e sá lọ. Èmi tí mo wọ kóòtù tí bàbá mi fọwọ́ ara wọn rán, mo ń sáré lé fìlà kiri nínú pápá. Ọkùnrin kan jókòó ní ibùdókọ̀ náà, ó ń wò mí. Kò tilẹ̀ ní "pẹ̀lẹ́".

Mo wá rí i pé bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Wọn kì í ṣe òǹrorò ènìyàn, wọn kò kàn mọ̀ ọ́n kí ni. Bí ẹnì kan bá ń ṣiṣẹ́, wọn kò ní kí i. Bí òjò bá pa á, wọ́n á kọjá lára rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Wọ́n á bi ọ́ pé ṣé dáadáa lo wà, kí o tó lanu dáhùn, wọ́n ti dé ìkóríta. Ní oṣù tí mo kọ́kọ́ dé, mo máa ń dúró, mo máa ń fara balẹ̀ ṣàlàyé bí mo ṣe sùn àti bí àwọn ará ilé ṣe wà nígbà tí mo gbúròó wọn kẹ́yìn, kí n tó rí i pé èmi nìkan ni mo ń sọ̀rọ̀ lójú títì.

Àwọ̀ mi ńkọ́? Òótọ́ ni n ó sọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò rí ènìyàn dúdú rí. Wọ́n ń wò mí, èmi náà ń wò wọ́n. Ní ilé oúnjẹ kan létí ibùdókọ̀, ẹni tó ni ibẹ̀ sọ pé òun kò lè ta oúnjẹ fún mi. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ojú sì ń tì í díẹ̀. Mo tún ọrùn kóòtù mi ṣe, mo ní, "Ọ̀gbẹ́ni, nílé wa, ẹni tó ní oúnjẹ tí kò lè fi ṣàlejò, òun là ń káàánú." Mo jáde. Gàrí ìyá mi ni mo rẹ mu lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú ẹja gbígbẹ tí wọ́n rà fún mi ní ọjà Ìwáyà kí n tó kúrò nílé, inú mi sì dùn sí ohun tí mo sọ.

Ẹ má bi mí léèrè oúnjẹ wọn. Ànàmọ́ òyìnbó láàárọ̀, ànàmọ́ òyìnbó lálẹ́, kò sí ata ńbẹ̀, iyọ̀ gan-an, fẹ́ẹ́rẹ́ ni. Ewé tí wọ́n ń jẹ, tútù ni wọ́n ń jẹ ẹ́, ohun tí ewúrẹ́ wa ń ṣe nìyẹn. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹ̀fọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pa mí bí òùngbẹ. Mo máa ń lá àlá ẹ̀fọ́ lójú oorun, mo sì máa ń jí pẹ̀lú itọ́ lẹ́nu.

Ọmọ ìyá imí-ọjọ́

Ọ̀gá mi ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àgbẹ̀ náà jẹ́ òyìnbó gíga tín-ínrín kan tó fẹ́ràn ilẹ̀ ju ènìyàn lọ. Kò pẹ́ tí mo dé tó fi mú mi lọ wo ẹṣin kan. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni bàbá mi, a mọ ẹṣin nílé wa, ṣùgbọ́n n kò rí irú rẹ̀ rí. Irun ọrùn rẹ̀ ti re, irun ìrù rẹ̀ ti re. Pátákò ẹsẹ̀ rẹ̀ sán yíká, ó yọ ṣóńṣó síwájú bí bàtà tó ti gbó. Kò lè fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Orúnkún ló fi ń rá lọ síbi koríko.

Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ní omi ló fà á, wọ́n ní iyọ̀ burúkú wà nínú kànga. Kì í ṣe omi. Ohun kan tó wà nínú ilẹ̀ ni, sẹlẹ́níọ̀mù ni wọ́n ń pè é. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà bà yín lẹ́rù. Gbogbo wa la mọ imí-ọjọ́ tí à ń fi ṣe oògùn ara yíyún. Ọmọ ìyá rẹ̀ ni sẹlẹ́níọ̀mù, wọ́n sì jọra débi pé gbòǹgbò kì í fẹ́ẹ̀ dá wọn mọ̀. Ewéko á máa fa imí-ọjọ́ tó nílò, á fa sẹlẹ́níọ̀mù mọ́ ọn, á gbé e lọ sínú ewé, á gbé e lọ sínú ọkà. Ẹran á jẹ ewé, á jẹ ọkà, ohun tó jẹ náà á wá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Ní ọ̀dọ̀ àwọn adìyẹ, ẹyin kì í pa.

Ọ̀gá mi bi mí ní kíláàsì pé kí ló dé tí ilẹ̀ tiwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo dìde. Mo ní ilẹ̀ tiwa pupa, irin ló sọ ọ́ di pupa, irin náà á sì di sẹlẹ́níọ̀mù mú pinpin tí gbòǹgbò kò fi ní rí i fà. Mo ní òjò tiwa kì í ṣe òjò eré, á ṣan èyí tó bá kù lọ. Ilẹ̀ tiwọn ńkọ́? Òkúta tó rà di ilẹ̀ náà kún fún un, òjò kò tó, ilẹ̀ náà sì ń ta bí omi eérú tí a fi ń ṣe ọṣẹ. Nínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló ti ń yọ́, tí ewéko ń mu ún. Mo ní, "Ilẹ̀ Múṣin kò sọ ẹṣin di arọ rí, sà." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo jókòó bí ọba. Kí n tó kúrò níbẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé kan ti ń sọ pé bí sẹlẹ́níọ̀mù kò bá sí rárá nínú oúnjẹ ẹran, àìsàn mìíràn lẹ ó tún rí, pé díẹ̀ ló dára. Ìyá tó ń se ọbẹ̀ mọ ìyẹn nípa iyọ̀.

Ewéko kan tún wà tó jẹ́ pé sẹlẹ́níọ̀mù gan-an ló ń wá kiri. Níbi tí kò bá sí, kì í hù. Ó máa ń fà á jọ sára rẹ̀ ju gbogbo koríko lọ, bó bá sì kú tó rà, á tún dá a padà fún ilẹ̀ ní èyí tó rọrùn fún àlìkámà láti mu. Ọ̀gá mi ní èyí tó gbẹ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ páálí. Mo wò ó, mo kọ́ orúkọ rẹ̀ ní àkọ́sórí. N kò rí i ní tútù rí.

Bàbá tó ń tú ajá síni

Nínú gbogbo àwọn àgbẹ̀ agbègbè náà, ẹnì kan ṣoṣo ni kò gbà kí ará ilé-ẹ̀kọ́ fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ òun. Láàsì ni orúkọ wọn, àgbàlagbà tí bàbá wọn ti ilẹ̀ Nọ́wè wá. Àwọn kan láti ilé-ẹ̀kọ́ ti lọ sọ́dọ̀ wọn rí. Wọ́n dúró lẹ́nu géètì, wọ́n kígbe láti inú mọ́tò pé, "Májèlé wà nínú ilẹ̀ yín, ẹ kó kúrò níbẹ̀." Bàbá náà tú ajá sí wọn. Ọ̀gá mi ń sọ ọ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín, kò pa mí lẹ́rìn-ín. Ta ló ń ti inú mọ́tò sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún àgbàlagbà?

Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé bàbá náà ń gbẹ́ kànga tuntun. Ó dá wọn lójú pé omi ló ń ba ẹsẹ̀ àwọn ẹṣin wọn jẹ́. Wọ́n ti sọ fún gbogbo ìlú pé bí kànga náà kò bá wo àwọn ẹṣin náà sàn kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀, àwọn á ta ilẹ̀ náà, àwọn àti ìyàwó àwọn á lọ máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ wọn ní ìgboro. Oníṣòwò kan ti wá wo ilẹ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn tó mọ bàbá náà sọ fún mi pé bó bá fi lè kúrò lórí ilẹ̀ yẹn, kò ní pẹ́ láyé. Èmi sì mọ̀ pé kò sí kànga tó lè wo ẹṣin tí koríko ń pa.

"Ẹ jẹ́ kí n lọ, sà," mo wí fún ọ̀gá mi.

"Á tú ajá sí ọ."

"Ajá wà ní Múṣin náà, sà."

Nínú kòtò

Inú kòtò kànga ni mo bá bàbá náà, fìlà wọn nìkan ló yọ. Ajá náà wá gbó mi, mo dúró jẹ́ẹ́. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà." Èdè òyìnbó kò ní ìkíni yẹn, ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Mo wá ń wá bí mo ṣe máa tú u, ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Mo rí i pé ẹ ń ṣiṣẹ́, sà, mo sì ń kí yín fún un."

Wọ́n gbójú sókè, wọ́n wò mí títí. Ó dà bíi pé ẹnikẹ́ni kò kí wọn fún iṣẹ́ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti dáyé.

"Kí lo ń wá?"

"N kò tíì wá nǹkan kan, sà. A kì í bèèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó wà nínú kòtò."

Mo bọ́ kóòtù mi, mo fi kọ́ ọgbà, mo di okùn garawa mú. Ṣé ọmọkùnrin tó dàgbà ní Múṣin tí kò mọ okùn kànga fà wà? Wọ́n ń kó erùpẹ̀ sínú garawa, mo ń fà á sókè, mo ń dà á nù. A ṣe bẹ́ẹ̀ títí oòrùn fi ń wọ̀. N kò fẹnu ba ọ̀rọ̀ ilẹ̀ rárá. Ajá náà ti sùn sórí kóòtù mi, nítorí kóòtù ti jábọ́ lára ọgbà.

Ìyàwó wọn, Màmá Íńgà, pè wá wọlé jẹun. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ló wà lórí tábìlì. Mo ní, "Ẹ má bínú, Mà, Mùsùlùmí ni mí, a kì í jẹ ẹ́." Mo rò pé wọn á bínú. Wọ́n gbé ẹran náà kúrò níwájú mi, wọ́n gbé e kúrò níwájú ọkọ wọn pẹ̀lú, wọ́n dín ẹyin fún gbogbo wa. Mo gbóríyìn fún wọn. Ìwà rere kò mọ àwọ̀.

"Láàsì ni kí o máa pè mí," bàbá náà ní.

"N kò lè pè yín bẹ́ẹ̀, sà, ẹ ju bàbá mi lọ. Bàbá Láàsì ni n ó máa pè yín."

"Kò sí ọmọ mi tó ń jẹ́ Láàsì. Èmi ni Láàsì."

"Ẹ ṣáà fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, sà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ọjọ́ Sátidé ni mo ń lọ. Omi dé. Omi náà dùn, ó mọ́ gaara, gbogbo àwọn ẹṣin mu ún. Ṣùgbọ́n abo ẹṣin wọn tó ń jẹ́ Dólì, èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù, ṣì ń tiro, pátákò rẹ̀ ṣì ń sán. Bàbá Láàsì a máa dúró tì í láàárọ̀, wọn a máa wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà míì oníṣòwò yẹn a máa wa mọ́tò rẹ̀ kọjá wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lójú ọ̀nà, á máa wo inú pápá.

Ẹ̀fọ́ tí a kò jẹ

Mo ti sọ fún yín pé ẹ̀fọ́ ń pa mí. Ní ọjọ́ kan, mo gun orí òkè tó wà ní apá àríwá oko náà, níbi tí sàréè bàbá Bàbá Láàsì wà. Ooru ti mú gbogbo koríko gbẹ, ṣùgbọ́n lórí òkè náà, ewé kan tutù yọ̀yọ̀, ó ní òdòdó àlùkò, ó pọ̀ lọ bí ẹni gbìn ín. Ọkàn mi lọ sílé. Mo já a, ó ń rùn díẹ̀. Mo ní ṣebí ewúro ń korò, ṣebí a máa ń fọ̀ ọ́, a sì ń jẹ ẹ́ lá ọwọ́. Ọmọ Yorùbá wo ni òórùn díẹ̀ máa lé kúrò nídìí ẹ̀fọ́? Mo já a kún fìlà, mo tún já a kún àpò kóòtù.

Màmá Íńgà yọ̀ǹda ìkòkò fún mi. Mo ní lónìí ẹ ó jẹ oúnjẹ ilé wa. Mo fọ ewé náà, mo bọ̀ ọ́ lomi gbígbóná, mo ti gbé ata gígún tí ìyá mi dì fún mi sílẹ̀. Bí omi náà ti hó báyìí, òórùn kan bú jáde nínú ìkòkò, òórùn aáyù tó ti rà, ó gba gbogbo ilé kan. Màmá Íńgà fi aṣọ bo imú, wọ́n sá jáde. Ajá sá jáde. Bàbá Láàsì ti ibùjẹ ẹran sáré wá, wọ́n rò pé nǹkan kan ló kú sábẹ́ ilé.

Ibẹ̀ ni ojú mi là. Ewé orí páálí ọ̀gá mi ni, èyí tí wọ́n ní ó máa ń rùn bí aáyù! Ewé tí mo mọ orúkọ rẹ̀ ní àkọ́sórí ni mo fẹ́ fi se ọbẹ̀ fún ẹni tó gbà mí lálejò. Mo gbé ìkòkò náà jìnnà sáwọn adìyẹ, mo gbẹ́ ilẹ̀, mo rì í mọ́lẹ̀ pátá. Nígbà tí mo padà dé, Bàbá Láàsì ń rẹ́rìn-ín, wọ́n di ẹ̀gbẹ́ mú. Màmá Íńgà ní ó ti pẹ́ tí irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ ti jáde lẹ́nu wọn.

"Koríko òkè yẹn lo ń sè?" wọ́n ní. "Òun nìkan ló máa ń tutù bí gbogbo nǹkan bá gbẹ. Bí ebi bá pa Dólì, ibẹ̀ ló ń lọ. Ibẹ̀ náà la ti ń gé koríko tó ń jẹ nígbà òtútù."

Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè mi. Ẹlòmíràn á ti sọ ọ́ jáde. Ṣùgbọ́n kò sí oúnjẹ nínú wọn, wọ́n sì wà lórí ìdúró.

Ọ̀rọ̀ tó wúwo

Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń túfọ̀ nílé wa. Bí ẹnì kan bá kú, a kì í já wọ ilé ẹni tó ṣọ̀fọ̀ kí a máa ké. Àgbà á wá, á jókòó, á kí ará ilé. Wọn á rí i dájú pé ẹni náà ti jẹun, pé ẹnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ á tó máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn ará ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyẹn ní ìmọ̀, mo gbà, ṣùgbọ́n wọn kò mọ bí a ṣe ń túfọ̀.

Mo jẹ́ kí Màmá Íńgà se ànàmọ́ wọn. A jẹun. Mo bẹ Màmá kí wọ́n jókòó ti ọkọ wọn. Mo wá kí wọn. Mo kí wọn fún kànga, mo ní omi náà dára, kò sí ẹ̀bi lọ́rùn rẹ̀. Mo kí wọn fún àwọn ẹran. Mo kí wọn fún gbogbo ọdún tí wọ́n ti fi ro ilẹ̀ yìí. Ojú Bàbá Láàsì yí padà, ó ti ń yé wọn pé nǹkan ń bọ̀.

"Ìwọ náà fẹ́ sọ pé kí n kó kúrò," wọ́n ní.

"Rárá o, sà. Ilẹ̀ yín kì í ṣe ilẹ̀ burúkú. Ohun kan ló pọ̀ jù lápá ibì kan nínú rẹ̀. Ewé tí mo sè yẹn, kì í hù níbi tí ohun náà kò bá sí. Mo ti rin ilẹ̀ ẹ̀bá odò tó gba inú oko yín, kò sí ewé náà níbẹ̀ rárá. Òkè yẹn nìkan ni, sà. Koríko òkè yẹn ló ń ba ẹsẹ̀ Dólì jẹ́, ẹ jẹ́ kí a fi wáyà yí i ká kí ẹṣin má dé ibẹ̀ mọ́."

Wọ́n ti àwo wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Òkè yẹn ni bàbá mi kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ro. Òkè yẹn ni wọ́n sin ín sí. O jókòó sí ilé mi, o ń sọ pé májèlé ni." Wọ́n dìde, wọ́n jáde, ilẹ̀kùn pa dé gbàà. Màmá Íńgà ń sunkún jẹ́jẹ́. Mo rò ó pé mo ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, pé ilẹ̀ náà ti lọ nìyẹn. Ẹsẹ̀ mi fẹ́ sáré tẹ̀lé wọn. Mo ní rárá, a kì í lé ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún. Mo jókòó.

Nígbà tí wọ́n padà, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n dúró sí.

"Ṣé kí n wá fi wáyà há bàbá mi mọ́ ìta? Bí ẹni ń há màlúù tó ya wèrè?"

N kò ronú kí n tó dáhùn ìyẹn, ilé ló ti wá. "Bàbá Láàsì," mo ní, "bàbá tó bí bàbá mi wà nínú iyàrá kan ní Ọ̀yọ́. Inú ilé ni wọ́n sin wọ́n sí. Kò sí ẹni tó ń fi iyàrá náà ṣe nǹkan kan. A kì í sùn ńbẹ̀, a kì í dáná ńbẹ̀. Gbogbo ọmọ ilé lè bá ara wọn jà lórí iyàrá yòókù, ti bàbá kò sí nínú rẹ̀. Nítorí iyàrá yẹn, ilé náà kò ṣeé tà. Ẹ jẹ́ kí òkè yẹn di iyàrá bàbá yín. Kí ẹṣin má wọ ibẹ̀, kí ìtúlẹ̀ má wọ ibẹ̀. Bí ẹ bá fa wáyà, ẹ kò há wọn mọ́ ìta, sà. Ògiri ilé wọn lẹ mọ."

Wọ́n wò mí, wọ́n wo ìyàwó wọn. Wọ́n fọwọ́ nu ojú. Wọ́n wá mú fìlà wọn lára ìṣó.

"Wá fi ibi tí ògiri náà máa gbà hàn mí."

A gun òkè náà lọ, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ibi tí ewé náà bá ti parí ni a ń ri òpó mọ́. Ewéko fúnra rẹ̀ ló wọn ilẹ̀ náà fún wa, kò sí ẹni tó lè wọ̀n ọ́n jù bẹ́ẹ̀. Bàbá Láàsì fúnra wọn ló bu ilẹ̀ òkè àti ilẹ̀ ẹ̀bá odò sínú àpò fún mi. Nígbà tí a yẹ̀ ẹ́ wò ní ilé-ẹ̀kọ́, ti òkè kún fún sẹlẹ́níọ̀mù, ti ẹ̀bá odò kò ní ju bíńtín lọ. Ọ̀gá mi bi mí pé ọgbọ́n wo ni mo dá tí bàbá náà fi gbà.

"Mo jẹ́ kí wọ́n jẹun ná, sà," mo ní. Ó rò pé mo ń ṣàwàdà.

Ẹsẹ̀ Dólì

Láti ọjọ́ náà, koríko ẹ̀bá odò nìkan ni Dólì àtàwọn yòókù ń jẹ. Kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀, irun ọrùn rẹ̀ ti ń yọ díẹ̀díẹ̀. Bàbá Láàsì sọ fún oníṣòwò náà pé kó ṣì ní sùúrù. Ṣùgbọ́n pátákò kì í yára. Láti òkè ló ti ń hù wá sílẹ̀, bí èékánná wa, ó di ìgbà tí ibi tó sán bá dé ìsàlẹ̀ kí alágbẹ̀dẹ tó lè gé e kúrò. Ní gbogbo ìgbà òtútù, a kàn ń dúró ni. Mo ti ka ìwé púpọ̀, mo sì mọ̀ pé òótọ́ ni mo sọ, síbẹ̀ ẹ̀rù ń bà mí. Bí mo bá ti ṣi ibi tí wáyà yẹ kó gbà mú ńkọ́?

Àwọn àgbẹ̀ yòókù gbọ́. Wọ́n ń wá sí iyàrá mi nílé-ẹ̀kọ́, wọ́n á jókòó, wọ́n á yí fìlà lọ́wọ́, wọ́n á ní àwọn fẹ́ kí n wá wo òkè tàwọn náà. Mo lọ sọ́dọ̀ gbogbo wọn. Mo jẹun nílé gbogbo wọn kí n tó sọ̀rọ̀. Ní ilé oúnjẹ ẹ̀bá ibùdókọ̀ yẹn, ẹnì kan nínú wọn mú mi wọlé, ó fi mí sórí àga. Ẹni tó ni ibẹ̀ wò mí, ó wo àgbẹ̀ náà, ó gbé oúnjẹ wá. Mo jẹ díẹ̀, mo fi èyí tó pọ̀ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n gbéraga lórí ìyẹn.

Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí n padà wá sílé, mo lọ dágbére fún Bàbá Láàsì. Wọn kò jẹ́ kí n jókòó. Wọ́n mú mi lọ sí ibùjẹ ẹran, wọ́n gbé ẹsẹ̀ iwájú Dólì sókè, wọ́n fà á lé mi lọ́wọ́. Mo fọwọ́ pa á. Láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó dán bọ̀rọ́, kò sí ibi tó sán. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n gbá a ní ìdí. Dólì jáde, ó rìn, ó wá bẹ́ sí eré, ó ń sá lọ sí ẹ̀bá odò, irun ọrùn rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Màmá Íńgà di ọwọ́ mi mú.

Ibẹ̀ la dúró sí nígbà tí mọ́tò oníṣòwò náà yà wọlé. Kò sọ̀ kalẹ̀. Ó yọ orí jáde, ó ní òun gbọ́ pé ẹsẹ̀ àwọn ẹṣin ti sàn, owó tí òun máa san báyìí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí ni bàbá rí sí i.

Bàbá Láàsì wo òkè tó wà lápá àríwá, níbi tí wáyà náà ti yí ewé olódòdó àlùkò ká.

"Ilẹ̀ yìí kò ṣeé tà," wọ́n ní. "Bàbá mi wà nílé."

Oníṣòwò náà wo òkè, ó wo bàbá, ó wo èmi, kò yé e. Ó yí mọ́tò rẹ̀ padà. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé lọ jẹun.